Ojú Mi àti Etí Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ mọ̀ pé etí mi ti kú, géèmù ló sì tú àṣírí náà fún un. Kí ó tó mọ̀, ó ti tó ọdún kan gbáko tí mo ti ń fi í pamọ́, ẹ̀rù rẹ̀ sì ti wọ̀ mí lára débi pé n kì í lè jẹun yó bí gbogbo ilé bá pé jọ sídìí tábìlì.

Àìsàn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo wà ní kíláàsì kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ooru oṣù kẹta kó yírùnyírùn wọ àdúgbò wa ní Ṣàngó, nílùú Ìlọrin, tí ọrùn mi le gan-an tí n kò lè tẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò ní ọsibítù. Nígbà tí wọ́n mú mi padà sílé, gbogbo ènìyàn ń dúpẹ́ pé mo yè é, èmi náà ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n etí mi òsì kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, tọ̀tún sì ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi ìrọ̀rí bò ó. Mo rò pé yóò lọ fúnra rẹ̀. Kò lọ. Nígbà tí ọdún yóò fi yípo, tọ̀tún náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tòsì lọ.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ. Ẹ kò mọ Adití ni. Obìnrin kan ni nínú agboolé ìyá bàbá mi ní Ọ̀mù-Àrán, n kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní orúkọ mìíràn rí. Láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni yóò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí yóò máa bó ẹ̀gúsí. Àwọn ènìyàn á máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ níṣojú rẹ̀, pé kò rọ́kọ, pé ara rẹ̀ ń rùn, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Bó bá ti rí wọn tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù lọ. Nígbà tí etí mi ṣì dá, mo gbọ́ tí ìyá bàbá mi ń sọ pé Adití náà gbọ́ràn nígbà kan rí, pé ibà ni, pé wọ́n mú un kúrò nílé ìwé nítorí kí ni yóò máa wá ṣe níbẹ̀. Mo ti mọ ohun tó ń dúró dè mí nìyẹn. Bí wọ́n bá mọ̀, Ọ̀mù-Àrán ni, àti ẹ̀gúsí.

Nítorí náà mo di ẹni tó ń wo ẹnu. Mo tètè mọ̀ ọ́n. Mo lè ka ẹnu Màmá láti ìdí ààrò, mo sì lè ka ti tíṣà wa bí kò bá kọjú sí pátákó. Ẹnì kan ṣoṣo tí n kò rí ẹnu rẹ̀ wò ni Bàbá.

Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ girama ni Bàbá mi. Bí wọ́n ṣe tọ́ àwọn náà ni wọ́n ṣe tọ́ wa: bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni ọmọ ń wò. Àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá wo ojú àgbà níbi tí wọ́n ti ń bá a wí, ó ti kó sí gbèsè ìgbátí. Kí ni kí n ṣe? Bí mo bá wo ilẹ̀, n kò ní gbọ́ ohun tí wọ́n bi mí, wọ́n á ní mo ya alágídí, wọ́n á lù mí. Bí mo bá gbójú sókè láti ka ẹnu wọn, wọ́n á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni mí?", wọ́n á tún lù mí. N kì í gbọ́ ariwo ìgbátí náà. Ìrora rẹ̀ nìkan ni. Mo wá ṣe ìpinnu pé alágídí sàn ju adití lọ, mo sì ń dáhùn "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" sí gbogbo ọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́. Nígbà mìíràn ó máa ń bọ́ sí i.

Àbúrò Màmá ló mú géèmù náà wá láti Èkó, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi ṣeré nítorí pé ó ṣe dáadáa nínú ìdánwò àṣewọlé. Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi fi jù mí lọ, n kì í sì pè é ní bùrọ̀dá àfi bí Màmá bá wà nítòsí. A máa ń so géèmù náà mọ́ tẹlifíṣọ̀n, a ó ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, èmi á mú páàdì kan, òun á mú èkejì. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni a ní, ìkọ̀wé tó wà lára rẹ̀ kì í sì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè kà. Ọkùnrin kékeré méjì ló wà nínú rẹ̀, nínú ihò àpáta. Ọ̀kan gbé àtùpà, èkejì mú kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó gbé àtùpà kò lè ṣílẹ̀kùn, ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ kò ríran bí àtùpà bá jìnnà sí i. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì ti kú nìyẹn, ẹ ó padà síbẹ̀rẹ̀.

Ohun tó máa ń pa wọ́n jù ni òkúta tó ń já láti òkè. Kí òkúta tó já, géèmù á kọ́kọ́ dún kí-kí-kí, ẹni tó bá gbọ́ á sá. Èmi kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ń dún. Gbogbo ìgbà ni òkúta ń pa mí, gbogbo ìgbà sì ni mo ń pa ẹ̀gbọ́n mi mọ́ ara mi. Inú bí i. Mo rí i lẹ́nu rẹ̀ tó ní, "Ṣé o kì í gbọ́ ni?" Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń sọ fún ọmọ tó bá ń ṣorí kunkun ni, kò mọ bí ó ti jẹ́ òótọ́ tó, ṣùgbọ́n mo gbé páàdì sílẹ̀, mo ní ó ti rẹ̀ mí.

Lọ́jọ́ kan ó ní òun lè ṣe é láìríran. Fífọ́nnu kì í sú u. Ó mú gèlè Màmá, ó fi di ojú, ó ní kí n máa sọ ọ̀nà fún òun. Èmi ń wo tẹlifíṣọ̀n, n kò wo òun. Mo ń sọ pé, "Lọ sápá ọ̀tún, dúró, gun àkàbà." Ó pẹ́ kí n tó rí i pé ọkùnrin rẹ̀ kò rìn mọ́. Nígbà tí mo yíjú, ó ti ṣí gèlè, ó ń wò mí, ojú rẹ̀ kò sì jọ ti ẹni tó ń bínú. Lẹ́yìn náà ló tó sọ fún mi pé òun ti bi mí léèrè lẹ́ẹ̀marùn-ún pé kí ló wà níwájú, pé òun dìde lọ sẹ́yìn mi, òun gbá bàtà méjì pọ̀ mọ́ra lẹ́bàá etí mi, pé n kò mira.

Ó fa ojú ewé kan ya nínú ìwé rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé, "Láti ìgbà wo?" Mo kọ ọ́ pé, "Ọsibítù." Mo bá kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù ba òun náà, mo sì rí i, ìyẹn dá kún tèmi, nítorí ẹ̀gbọ́n mi kì í bẹ̀rù nǹkan. Mo mú un fọwọ́ sórí Bíbélì pé kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń fà sẹ́yìn.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀nà tí a ń gbà ṣe géèmù náà ti yí padà. Ó kọ̀ láti ṣí gèlè lójú, ó ní àfi kí ìyà náà dọ́gba. Èmi ni ojú, òun ni etí. Á gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé orí ẹsẹ̀ mi: bó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, dúró, lẹ́ẹ̀mejì, máa lọ, bó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí kò gbé e, ewu ń bọ̀, sá. Èmi á máa fi ẹnu sọ ohun tí mo rí. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí a fi dé ilẹ̀kùn keje, ibi tí a kò dé rí nígbà tí a jọ ń lajú. A kò rẹ́rìn-ín sí i. Òógùn máa ń bò wá bí ẹni pé a wà nínú ihò náà.

Ẹsẹ̀ yẹn kò dúró nídìí géèmù. Ní ìrọ̀lẹ́, a máa ń ṣe àdúrà ìdílé, Bàbá ni wọ́n ń darí rẹ̀, gbogbo wa a sì dijú. Ẹ rò ó wò: etí kò sí, ojú tún ti dí. Inú òkùnkùn ni mo máa ń wà, n kò mọ̀ bóyá wọ́n ti ṣe àmín, n kò mọ̀ bóyá orúkọ mi ni wọ́n dá pé kí n fi àdúrà kádìí. Ṣáájú ìgbà náà mo máa ń yọ́jú wò, a sì ti nà mí lórí rẹ̀ pé mo ń fi Ọlọ́run ṣeré. Ní báyìí, ẹ̀gbọ́n mi á jókòó tì mí, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tẹ tèmi, mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í yìn mí pé orí mi ti ń pé. Ìyìn náà dùn mọ́ mi, ó sì tún ń dẹ́rù bà mí, nítorí mo mọ ẹni tó ni ín.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìdánwò àṣewọlé tí ẹ̀gbọ́n mi yege, ti ilé ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbé inú ọgbà ni, ó sì jìnnà sí Ìlọrin. Bí oṣù kẹsàn-án ti ń sún mọ́lé, n kò lè sùn dáadáa. Lọ́jọ́ tí Màmá ń kọ orúkọ rẹ̀ sára aṣọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi fà mí sẹ́yìn ilé, ó sì ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí n lè kà á. Ó ní, "Sọ fún wọn kí n tó lọ."

Mo ní, "O ti búra."

Ó ní, "Bí n bá lọ, ta ni yóò máa gbọ́ fún ọ?"

Ó lọ, kò sọ, èmi náà kò sọ. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni mo ṣì ń rántí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń rìn létí kànga. Ní ìkóríta Challenge, Màmá fà mí lápá kúrò níwájú ọkọ̀ kan tí n kò gbọ́ bó ṣe ń bọ̀, wọ́n sì bú mi títí a fi délé. Wọ́n rò pé mò ń ronú nǹkan mìíràn ni.

Ní Sátidé kẹta, Bàbá lọ sí ìpàdé ìjọ, Màmá lọ ra nǹkan ní Challenge. Wọ́n fi àbúrò wa kékeré tì mí, ọmọ ọdún méjì, ó ń sùn nínú yàrá ẹ̀yìn. Màmá ní kí n ti ilẹ̀kùn, kí n má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sì jókòó sídìí géèmù. Èmi nìkan, pẹ̀lú páàdì kan, mo ń rìn nínú ihò náà pẹ̀lú ọkùnrin mi kan, èkejì dúró síbi tó wà. N kò mọ iye ìgbà tí òkúta pa mí. Mo kàn fẹ́ wà níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ti máa ń wà ni.

Iná lọ. Tẹlifíṣọ̀n di dúdú. Bí kì í bá ṣe pé iná lọ, n kò ní dìde, n kò sì fẹ́ràn láti máa rò ó síwájú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dìde, mo ní kí n lọ wo ọmọ.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí. Ó ti gun àpótí lọ sójú fèrèsé, níbi tí gíláàsì méjì ti já, ó sì ti ki orí bọ àárín irin. Àpótí ti yí dànù lábẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jà nínú afẹ́fẹ́. Láti ìta, ọwọ́ méjì wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ tó gbé orí náà ró kí ọrùn rẹ̀ má baà fà. Mo mọ ọwọ́ náà, nítorí làálì tó wà lára rẹ̀: ọwọ́ Hàjíyá ni, aládùúgbò wa tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn tiwa, obìnrin Fúlàní tó ń ta aṣọ. Gíláàsì òkè kò ṣeé rí kọjá, nítorí náà n kò rí ojú rẹ̀. N kò rí ẹnu rẹ̀.

Mo sáré gbá ọmọ náà mọ́ra láti ìsàlẹ̀, mo gbé e sókè. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀ pé ó ń ké, mo sì mọ̀ pé Hàjíyá ń bá mi sọ̀rọ̀, nítorí ọwọ́ méjèèjì náà ń mì bí ti ẹni tó ń pariwo. Mo fa ọmọ náà sẹ́yìn, ọwọ́ Hàjíyá sì fà á padà. Mo tún fà á. Ó tún fà á padà. Nígbà náà ni mo rí ẹ̀jẹ̀ létí ọmọ náà, tó yé mi pé èmi ni mo ń pa á.

Ẹ̀rù tó bà mí nígbà náà, n kò lè fi wé nǹkan. Ẹ̀rù Ọ̀mù-Àrán kéré sí i. Mo la ẹnu, mo sì sọ ohun tí n kò sọ fún ẹ̀dá kan rí.

Mo ní, "Hàjíyá, etí mi ò gbọ́. N kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ sọ fún mi."

Ọwọ́ méjèèjì náà dúró. Lẹ́yìn náà ọ̀kan fi àgbọ̀n ọmọ náà sílẹ̀, ó gba àárín irin wọlé, ó wá ọwọ́ mi títí ó fi rí i, ó dì í mú. Ó tì í sókè. Mo gbé ọmọ sókè. Ó tẹ ọwọ́ mi mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo dúró. Ó yí ọwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń yí kọ́kọ́rọ́, mo sì yí ara ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ọwọ́ kejì ń yí orí rẹ̀ láti ìta, tó ń tẹ etí rẹ̀ mọ́ ọn lórí. Ó tún tẹ ọwọ́ mi. Mo dúró. Ó fà mí sẹ́yìn wẹ́rẹ́. Orí ọmọ náà jáde, àwa méjèèjì sì ṣubú lulẹ̀. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó là sílẹ̀ tó ń ké, mo sì ń wò ó, mo ń wò ó, nítorí ohun tó jẹ́ ẹ̀rí fún mi pé ó wà láàyè nìyẹn.

Nígbà tí àwọn òbí wa dé, Hàjíyá ti wà nílé wa, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo sì ka gbogbo rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Wàláì, mo pè é títí. Mo kígbe bí ẹni máa kú. Ọmọ yín ò gbọ́ràn. Ẹ má nà á, etí rẹ̀ ni kò gbọ́." Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹrù ọjà. Bàbá wọ yàrá lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo ń fọ abọ́ lẹ́yìn ilé nígbà tí mo rí ẹsẹ̀ Bàbá níwájú mi. Mo tẹjú mọ́ ilẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n mi, wọ́n gbé ojú mi sókè. Mo dijú de ìgbátí. Kò dé. Nígbà tí mo lajú, wọ́n fi ìka tọ́ka sí ẹnu ara wọn pé kí n wò ó. Mo wò ó. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí mo wo ojú Bàbá mi bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ètè wọn ń gbọ̀n, ó ń gbọ̀n gan-an, ọ̀rọ̀ náà sì ń fọ́ kí n tó rí i kà. Èmi tí mo lè ka ẹnu àlejò lódìkejì títì, n kò rí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kà lẹ́nu Bàbá mi. Mo rò pé Ọ̀mù-Àrán ni. Kí ni ìbá tún mú ètè àgbà gbọ̀n bẹ́ẹ̀?

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Wọ́n mi orí, wọ́n sì yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi kíá.

Mo lọ di ẹrù mi. Mo kó aṣọ mi sínú báàgì, mo kọ́kọ́ kó yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé mọ́ ọn, mo tún yọ ọ́, mo fi í kọ́ padà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, Màmá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, mo jókòó lórí báàgì. Wọ́n bi mí pé níbo ni mò ń lọ. Mo ní, "Ọ̀mù-Àrán, bí Bàbá ṣe sọ."

Màmá wò mí, wọ́n yíjú sí yàrá, mo rí i tí ọrùn wọn fà bí wọ́n ti ń pe Bàbá. Bàbá jáde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì. Wọ́n rí báàgì náà. Wọ́n padà wọlé, wọ́n mú ìwé tí wọ́n fi ń múra iṣẹ́ sílẹ̀ wá, wọ́n jókòó tì mí nílẹ̀, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ sí i gàdàgbà bí èyí tí wọ́n ń kọ sójú pátákó. Ìlà àkọ́kọ́ ní: "Kì í ṣe Ọ̀mù-Àrán. Ilé ìwé rẹ ni a jọ ń lọ lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n lè fi ọ́ jókòó síwájú kíláàsì." Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ ìlà kejì: "Ohun tí mo sọ lánàá ni pé kí o dárí jì mí."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi rí ní ohun tí ọmọ fi ń dá bàbá rẹ̀ lóhùn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo dìde kúrò lórí báàgì, mo sì kúnlẹ̀.